Ọsàn Orí Pẹpẹ Ilé Chung

Bí ẹ bá fẹ́ bá Lien-moi jà, ẹ yin tíì rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ bú u, ẹ má fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Ẹ ṣáà mu tíì ọlọ́sàn ilé wọn ní ife kan, kí ẹ mi orí, kí ẹ ní, "Ìyàwó Vun-kong, ọwọ́ rẹ dára o!" Lójú ẹsẹ̀ ni ojú rẹ̀ á pọ́n, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní òun gbàgbé nǹkan sórí iná. Àwọn ará abúlé wa lórí òkè Miaoli ń pè é ní onírẹ̀lẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ wo? Ìtìjú ni. Ọdún méjìlá gbáko ló fi ru ìtìjú yẹn, kò sì rẹ́ni bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwa Haka, ẹ̀yà tiwa lórí òkè yìí, ẹ má bi wá léèrè nǹkan tí a kì í sọ nù, ẹ bi wá léèrè nǹkan tí a ń sọ nù. Ìyẹn ló máa tètè tán lẹ́nu wa. Ọsàn kan wà tí à ń pè ní orí ẹkùn. Ó tóbi tó orí ọmọ tuntun, ó ń dán bíi wúrà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bù ú jẹ, kíkan rẹ̀ á mú un dójú, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Nítorí ẹwà yẹn nìkan la ṣe ń tò ó sórí pẹpẹ àwọn bàbá ńlá wa lọ́dún tuntun. Bó bá di ọjọ́ kẹẹ̀dógún, ọdún parí, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Kò sí. Ta ló wá láyà láti sọ ọ́ nù? Ohun tó ti wà níwájú àwọn òkú wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó ti di tiwọn nìyẹn.

Tíì la fi ń ṣe. A ó gé orí ọsàn náà bí ìdérí, a ó wa inú rẹ̀ jáde, a ó ṣa kóró rẹ̀ kúrò. A ó po ohun tó kù mọ́ ewé tíì tútù tí a yan fẹ́ẹ́rẹ́, atalẹ̀ gbígbẹ, kinamóní díẹ̀, àti gbòǹgbò aládùn tí a fi ń wo ikọ́. A ó kì í padà sínú èèpo, a ó dé e lórí, a ó fi okùn òwú dì í, a ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ ọparun lórí omi tó ń hó. Bó bá rọ̀, a ó gbé òkúta lé e kó pẹlẹbẹ, a ó sá a sóòrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án lórí ooru, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú oòrùn. Nígbà tó bá fi máa tán, á ti dúdú kirikiri, á le débi pé òòlù la fi ń fọ́ ọ. Ife àkọ́kọ́, orí pẹpẹ ló ń lọ. Alààyè ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án kí àwọn tó ni ín tó mu.

Lien-moi ò mọ gbogbo èyí. Ọmọ ìgboro ni. Ilé iṣẹ́ aṣọ ni ìyá rẹ̀ ti lo ayé rẹ̀, inú ọ̀rá ni tíì wọn sì ti ń wá. Nígbà tí Vun-kong, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù fún àwọn olóko, gbé e wálé níyàwó, àwọn obìnrin àdúgbò yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Fuk-moi, aládùúgbò tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló sọ ọ́ síta pé, "Eléyìí á sọ igbá ìrẹsì nù tìrẹsìtìrẹsì ni!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Lien-moi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ọdún tuntun àkọ́kọ́ tó ṣe nílé ọkọ ni ìyá ọkọ rẹ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Èèyàn kúkúrú ni Ìyá Vun-kong, kò ga ju àpò ìrẹsì lọ, ṣùgbọ́n àṣẹ ẹnu rẹ̀ a máa dé òdìkejì odò. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti pe Lien-moi.

"Ọsàn wà lórí pẹpẹ," ló wí. "Ọjọ́ kẹẹ̀dógún ti kọjá. Mo fi lé ọ lọ́wọ́. Ṣé o mọ̀ ọ́n ṣe?"

Aláìsàn mẹ́ta ló wà ní yàrá yẹn pẹ̀lú àwọn èèyàn wọn. Gbogbo wọn Haka, gbogbo wọn ń tẹ́tí. Lien-moi rí i bí wọ́n ṣe ń wo ẹnu rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n ṣe, Ìyá."

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré! Ká ní ó sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n, wọn ì bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀.

Ó délé, ó kó ọsàn mẹ́rìnlélógún kalẹ̀. Ó ti bi ẹnì kan léèrè nínú mọ́tò bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ṣe ohun tó gbọ́. Níbi tó ti gbà á sí ni pé nǹkan kan ò gbọ́dọ̀ ṣòfò, bó ṣe mú gbogbo ohun tó pò nìyẹn, tó kì gbogbo rẹ̀ sínú èèpo títí ó fi yọ sókè, ó wá fi okùn dì í gírígírí bí ẹní di ẹrù sórí kẹ̀kẹ́. Nígbà kejì tó gbé e sórí ooru, ó gbọ́ pọ̀, pọ̀. Ó ṣí ìdérí. Gbogbo rẹ̀ ló ti bẹ́. Tíì dà sínú omi, èèpo ya bí aṣọ àlòkù, ilé ìdáná gba òórùn kíkan. Ọsàn àwọn bàbá ńlá ilé Chung ló bàjẹ́ yẹn o! Lien-moi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún títí ikun fi dí i nímú.

Ká ní ó kó o lọ han ẹnì kan ni! Rárá o. Ó gbẹ́ ihò sídìí àwọn ọparun lẹ́yìn ilé, ó rì í mọ́lẹ̀, ó tẹ ilẹ̀ náà pẹlẹbẹ. Lọ́jọ́ kejì ó wọ bọ́ọ̀sì kọjá odò, ó lọ bá obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Tai, tó ń ta tíì ọlọ́sàn tirẹ̀ fáwọn àjèjì, ó ra mẹ́rìnlélógún. Ìyá Tai ò bi í léèrè ohunkóhun. Ó kàn wo ojú rẹ̀, ó fi ẹyọ kan ṣe ènì.

Nígbà tí Ìyá Vun-kong ti ọsibítù dé, Lien-moi fọ́ tíì ilé Tai, ó pò ó, ó gbé ife àkọ́kọ́ sórí pẹpẹ ilé Chung. Ìyá Vun-kong tan tùràrí, ó dúró pẹ́ níwájú pẹpẹ, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló gba ife tirẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó dára." Vun-kong mu ife mẹ́ta. Ó kó márùn-ún lọ síbi iṣẹ́, ó ń fi ìyàwó rẹ̀ yangàn káàkiri. Nígbà tó yá, wọ́n ní ó wo ikọ́ bàbá ọ̀gá rẹ̀ sàn. Ṣé ẹ rí wàhálà? Ká ní tíì yẹn ò dùn ni, ì bá rọrùn fún un.

Bọ́rọ̀ ṣe di àṣà nìyẹn. Lọ́dọọdún, bí ọdún tuntun bá ti parí, Ìyá Vun-kong á di ẹrù rẹ̀, á ní òun ń lọ kí ọmọ òun obìnrin ní ìlú Kaohsiung, ogún ọjọ́ lá sì lò níbẹ̀. Lien-moi á sọ̀ ọsàn kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Nígbà míì á gbé ọ̀bẹ, á wò ó, àyà rẹ̀ á já, á tún gbé e sílẹ̀. Á ní, "Tó bá tún bẹ́ ńkọ́?" Á dúró de ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá ti gbé ọkọ̀ jáde, á kó ọsàn lọ sídìí ọparun, á wá wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ Ìyá Tai. Ó lè sọ fún ara rẹ̀ pé irọ́ kékeré ni, pé tíì ni tíì ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ife yẹn sórí pẹpẹ, kì í lè gbójú sókè wo àwòrán bàbá ọkọ rẹ̀ tó wà lára ògiri. Ẹni tó ń sin ọsàn ẹni ẹlẹ́ni sínú ilẹ̀, ojú wo ló fẹ́ fi wo onítọ̀hún?

Irọ́ lè lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ ń bá a. Ti Lien-moi ò tilẹ̀ tó ogún. Lọ́dún kẹtàlá, wọ́n ń jẹun àárọ̀ lọ́wọ́, ni Ìyá Vun-kong gbé àwo sílẹ̀.

"Lọ́dún yìí, mi ò lọ Kaohsiung."

Lien-moi yíjú sí i. "Háà, Ìyá. Kí ló dé? Ọmọ yín á máa retí yín."

"Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wà, ó lè máa rí mi níbẹ̀. Ọ̀la la máa ṣe tíì. Màá gbé àga mi sí àgbàlá, màá máa wò ọ́."

"Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá. Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹsẹ̀ yín—"

"Ṣé ojú ni mo fẹ́ fi wò ọ́ àbí ẹsẹ̀?" ni ìyá náà wí, ó sì tún gbé àwo rẹ̀.

Lien-moi rò ó bóyá kóun ní inú ń run òun. Àmọ́ ara ẹ̀ ló mọ̀ pé bí òun bá ṣàìsàn lọ́la, Ìyá á dúró di ọ̀túnla. Ìkan ṣẹ́kù nínú tíì Ìyá Tai tọdún tó kọjá. Ó mú un lọ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, ó ń yẹ ojú okùn tó wà lára rẹ̀ wò, ó ń fi okùn òwú dán an wò lára ọsàn tútù títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di ọ̀sán, ó lè dì í láìwo ojú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó ní bóyá orí máa kó òun yọ.

Oòrùn mú lọ́jọ́ kejì. Ìyá Vun-kong jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ẹsẹ̀. Àfi bí Fuk-moi ṣe yọjú lójú ọgbà! "Mo gbọ́ pé ìyàwó wa fẹ́ fi ọwọ́ idán hàn lónìí," ló wí, kó tó di pé ẹnì kan ní kó wọlé ó ti fa àpótí, ó ti jókòó. "Èmi náà fẹ́ kọ́ ọ. Tèmi kì í dùn tó tirẹ̀."

Lien-moi gé orí ọsàn, ó wa inú rẹ̀, ó ṣa kóró. Ó po tíì, ó bu atalẹ̀ sí i, ó bu kinamóní sí i. Ó rántí ìjàǹbá ọjọ́sí, kò kì wọ́n kún. Fuk-moi ń mi orí, ó ń pọ́n ọn. Òógùn ń bọ́ lẹ́yìn ọrùn Lien-moi. Ó mú okùn, ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, okùn pín ọsàn sí ojú mẹ́fà, ó so ó lórí. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tún mú òmíràn.

Fuk-moi na ọrùn, ó gbé ọsàn náà sókè, ó ń yí i wò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Yéè! Ìyàwó wa, ìgbà wo lo lọ di ará ilé Tai?"

Ọwọ́ Lien-moi dúró. "Báwo?"

"Ojú okùn mẹ́fà kẹ̀? Ìyá Tai òdìkejì odò ló ń di ojú mẹ́fà. Ẹ̀yin ilé Chung, ojú mẹ́jọ lẹ ń dì láti ayé bàbá bàbá Vun-kong! Àwa ojú mẹ́rin. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n. Ṣé ìyàwó fẹ́ kọ ọkọ ni?" Ó lu itan rẹ̀ pàá, inú rẹ̀ ń dùn.

Ó wu Lien-moi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ojú rẹ̀ gbóná títí dé etí, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí. Kò tilẹ̀ mọ̀ rí pé ilé kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń dì í. Ọdún méjìlá ló fi wo ojú mẹ́fà lórí tábìlì ara rẹ̀, tí kò ka iye tó jẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, wọ́n á ní. Ẹ̀sín ló sì dé yìí, ó tún wá pẹ̀lú Fuk-moi.

"Èmi ni mo ní kó dán an wò," ni Ìyá Vun-kong wí, kò gbójú sókè. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ojú mẹ́fà ń tètè gbẹ."

"Ẹ̀yin?" Fuk-moi ṣíwọ́ ẹ̀rín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lé mi lágbàlá yìí nítorí mo fi ojú mẹ́rin di tiyín?"

"Mo ti dàgbà. Fuk-moi, ó dà bíi pé adìẹ rẹ wà nínú ewébẹ̀ rẹ."

"Adìẹ mi wà nínú àgò."

"Lọ wò ó."

Fuk-moi wo ìyá, ó wo ìyàwó, ó dìde. Ó ń lọ, ó ń wẹ̀yìn.

Lien-moi kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó kúnlẹ̀. "Ìyá," ló wí, "mi ò ṣe é rí. Ọdún tí ẹ ṣubú, gbogbo rẹ̀ ló bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rì í mọ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn, Ìyá Tai ni mo—"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Ṣé o rò pé ojú mi ló kán ni? Mo kà á lọ́jọ́ tí mo ti ọsibítù dé, ìlà okùn mẹ́fà lára tíì ilé mi! Igi ọsàn mẹ́rin ló sì hù láàárín ọparun mi. Ọparun ń bí ọsàn ni? Ọ̀kan ti ga ju mí lọ." Ó tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Kaohsiung tí mò ń lọ ńkọ́? Àjà kẹrìnlá ni ilé ọmọ mi, ajá ọkọ rẹ̀ sì máa ń gbó mi láàárọ̀ dalẹ́. Ogún ọjọ́! Ìwọ ni mo ń fi ààyè sílẹ̀ fún, kí o lè gbìyànjú rẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò ọ́. Mo ní bó pẹ́ bó yá á gbìyànjú, tàbí á bi mí. Àṣé tìẹ ni kó o máa wọ bọ́ọ̀sì."

Lien-moi bojú. Kò sunkún, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹkún. Ohun tó ń dùn ún ni pé gbogbo ìgbà tó ti rò pé òun ń tan ìyá yìí jẹ, tí òun ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí òun ń sọ pé ti ọdún yìí oòrùn ò pọ̀, ìyá náà ń wo ẹnu òun, ó sì mọ̀. Ó rántí ọdún kan tó tún ṣàlàyé bí òun ṣe yan ewé tíì. Ọlọ́run ò! Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí, Ìyá?"

"Ojú ń ti èmi náà," ni Ìyá Vun-kong wí. "Mo gbé iṣẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, mi ò kọ́ ọ. Ìyá ọkọ wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ń gbọ́, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ ìyàwó gidi fọ́mọ mi. Nígbà tí wọ́n wá ń yìn ọ́, mo bá wọn gbà á. Bí mo ṣe lè ṣe tó ni pé lọ́dọọdún, bí mo bá tan tùràrí, mo máa ń sọ fún àwọn bàbá ńlá wa pé, ẹ má bínú, tíì ilé Tai ni, ẹ bá mi mu ún bẹ́ẹ̀, ojú ń ti ọmọ náà ni."

Lien-moi gbé orí sókè. "Ẹ sọ fún wọn? Bàbá Vun-kong?"

"Bàbá Vun-kong, bàbá rẹ̀, àti ìyá bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀."

Gbogbo òkú ilé Chung, láti ọdún kìíní! Ìtìjú tó rò pé ó ti dópin tún wá rí ibi gbà. Ó rò ó bí wọ́n ṣe jókòó sórí pẹpẹ yẹn, ọdún méjìlá, tí wọ́n ń wo bó ṣe ń gbé ife wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Ìyá Vun-kong fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde. "Èmi gan-an, ọdún tí mo máa lò kù díẹ̀. Bó bá pẹ́ bó bá yá, orí pẹpẹ yẹn lèmi náà ń lọ. Bí o bá wá gbé tíì Ìyá Tai wá fún mi níbẹ̀, ta ló máa bá ọ ṣàlàyé? Ẹnu mi ti rẹ̀. Dìde. Lọ sọ fún wọn fúnra rẹ, lẹ́yìn náà màá kọ́ ọ ní ojú mẹ́jọ."

Lien-moi fọ ọwọ́. Ó wọ inú ilé, ó tan tùràrí mẹ́ta, ó gbé e sókè iwájú orí rẹ̀. Ó gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí ojú bàbá ọkọ rẹ̀ nínú àwòrán, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ onírùngbọ̀n kékeré kan.

"Ẹ̀yin bàbá wa," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "èmi Lien-moi ni. Tíì tí mò ń gbé fún yín, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Ọsàn yín, mo rì í mọ́lẹ̀ ni."

Lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà, Ìyá Vun-kong fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ sókè. Etí bàbá Vun-kong ti di kó tó kú."

Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Lien-moi mọ̀ pé Fuk-moi wà lẹ́yìn ọgbà, kò wá adìẹ kankan. Ó gbé ohùn sókè, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì gbọ́.